Atamátàsé Kì í Kánjú Fa Apátí

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó kọ ọ́ láti Mushin. Ó ní òun wo fíìmù kan níbi tí sọ́jà kan ti dùbúlẹ̀ sí òkè ilé, tí ó fi ìbọn kan ṣoṣo àti ọta kan ṣoṣo pa ẹni tí ojú lásán kò lè rí. Ohun mẹ́ta ni ó bi mí. Èkíní, ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn lè yìnbọn ba ohun tí ó jìnnà tó máìlì kan? Èkejì, ṣé àwọn ènìyàn tiwa fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jagun rí? Ẹ̀kẹta, níbo ni òun ti lè kọ́ ọ ní Èkó?

Ìbéèrè rere ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni gbólóhùn tí ó fi parí lẹ́tà náà. Ó ní lójú òun, ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti di ti àwọn bàbá ńlá wa, pé ìbọn tí ń rọ̀ bí òjò ni ìbọn. Àbúrò mi, jọ̀wọ́ fa àga kí o jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gba kí èmi pẹ̀lú rẹ sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ìbọn tí ń rọ̀ bí òjò yẹn ti pa ẹni tí kò ṣẹ̀ ní àdúgbò tiwa yìí.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tí à ń sọ. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò, ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta bọ̀ ọ́, inú ọ̀pá rẹ̀ sì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí inú páìpù omi. Ohun tí a bá rọ sínú rẹ̀ yóò tú jáde, yóò sì máa fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ní láti rìn súnmọ́ ẹran kí ó tó yìn ín. Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ọ̀pá rẹ̀, ojú ọ̀nà náà sì ń lọ́ yíká bí okùn tí a lọ́. Bí ọta bá ń gba ibẹ̀ kọjá, yíyí ni yóò máa yí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta òkòtó rí ní ìgbà èwe mọ̀ pé òkòtó tí ó bá ń yí ni í dúró; bí ó bá ti dẹ́kun yíyí, ó di kí ó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọta ráífù. Ráífù Lee-Enfield tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi jagun ńlá méjèèjì, ọta rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo íǹṣì 10, ó sì ń jáde ní ẹnu ìbọn pẹ̀lú eré tí ó tó 2,440 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ óò rí i pé ó ń yí tó 2,900 ìgbà láàárín àkókò tí ẹnu fi ń pe "Ojúẹlẹ́gba".

Lẹ́yìn ọ̀pá náà, ìdábùú irin kan wà níbẹ̀, bí èyí tí a fi ń há ilẹ̀kùn lálẹ́. Bí o bá yìnbọn tán, o óò gbé ọwọ́ ìdábùú náà sókè, o óò fà á sẹ́yìn, ìkarahun kátírìjì tí ó ti ṣófo yóò fò jáde. O óò tì í síwájú, ọta tuntun yóò wọlé. O óò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó há pinpin. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá ọ ṣe é, ọwọ́ rẹ ni. Nígbà tí ọta bá sì ń lọ, kò sí irin kankan tí ń sáré síwá sẹ́yìn nínú ìbọn náà tí yóò mì í. Ìyẹn ni àṣírí ìbọn onídàábùú, ìyẹn náà ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun lágbàáyé kò tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí di òní fún iṣẹ́ atamátàsé.

Ó yá, ìbéèrè kìíní. Òótọ́ ni. Ní oṣù November 2009, ní agbègbè Helmand ní Afghanistan, sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Craig Harrison fi ráífù L115A3 ba ẹni tí ó yìn láti ibi tí ó jìnnà tó 2,475 mítà. Máìlì kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Ní 2017, ilé iṣẹ́ ológun Kánádà jẹ́rìí sí i pé sọ́jà wọn kan ṣe irú rẹ̀ ní Ìráàkì láti 3,540 mítà. Ìyẹn ju láti Pápá Ìṣeré Ńlá ní Surulere dé Ojúẹlẹ́gba lọ dáadáa. Ìròyìn ní ọta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú-àáyá 10 lójú ọ̀run kí ó tó balẹ̀. Ìbọn méjèèjì, onídàábùú ni, ọwọ́ ni a fi ń fà wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbọn àwọn bàbá ńlá wa nìyẹn o, àbúrò mi.

Ṣùgbọ́n irú èyí ṣọ̀wọ́n, kò yẹ kí ó tan ẹnikẹ́ni. Láti 300 yáàdì dé 600 ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìbọn yìí wà, èyí pàápàá kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. 300 yáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a tò gùn. Ẹ lọ dúró sí ìdí gọ́ọ̀lù kan, kí ẹ wo ènìyàn tí ó wà ní ìparí ẹ̀kẹta, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí arákùnrin rẹ̀.

Ẹnu bàbá kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí a ti ń ṣe é. Ní bí 1965, ilé kan náà ni a jọ ń gbé ní Yábàá. Ó lọ sí Bọ́má nígbà ogun Hítílà, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Sájẹ́ńtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́púrà ni ó jẹ́ títí tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀. (Èkó ni a wà, a kì í fi oyè du ènìyàn.) Kò ní ìbọn o. Igi ìgbálẹ̀ gígùn kan ni ó fi ń kọ́ àwa ọmọdé ní ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi a sì máa bínú pé ó ń kọ́ ọmọ òun ní ìjàgboro. Àṣìṣe ni màmá ṣe. Ohun tí bàbá náà ń kọ́ wa ni bí ènìyàn ti í dúró jẹ́ẹ́.

Ó ní nígbà tí àwọn wà ní ìdálẹ́kọ̀ọ́, òyìnbó tí ń kọ́ wọn a gbé kọ́bọ̀ kan lé orí ọ̀pá ìbọn tí kò ní ọta nínú, a ní kí o fa apátí. Bí kọ́bọ̀ bá bọ́ sílẹ̀, o kò tíì mọ̀ ọ́n yìn. Wọn a tún gbé e lé e. Àwọn mìíràn fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe èyí kí wọ́n tó fún wọn ní ọta kan ṣoṣo. Ó ní àwọn kan nínú wọn kùn, wọ́n ní ṣé kọ́bọ̀ ni àwọn fẹ́ lọ bá jà ni.

Èyí ni bí ó ti ṣe kọ́ wa. Dùbúlẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ méjèèjì fi ìdí múlẹ̀. Kí ìdí ìbọn wọ inú kòtò èjìká rẹ, nítorí pé bí àyè bá wà láàárín wọn, yóò ta ọ́ nípàá. Gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi rẹ̀ ní ibì kan náà lójoojúmọ́. Fa èémí sínú, jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ jáde, kí o dá èyí tí ó kù dúró. Láàárín ìgbà náà ni ìka yóò máa tẹ apátí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí kóró rẹ̀ fò jáde, títí ìbọn náà yóò fi dún bí ẹni pé ó bá ọ lójijì. Ẹni tí ó bá já apátí gbà, ẹnu ìbọn rẹ̀ yóò yẹ̀. Bí o bá ti di èémí mú pẹ́ jù, ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọkàn yóò máa lù kìkì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má yìn ín. Gbé ìka kúrò, mí kanlẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ní àwọn ọta tí òun kò yìn ni òun fi ń yangàn jù.

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, n kò sì rí èyí tí ó tako igi ìgbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ohun tí àwọn ìwé fi kún un ni ìṣirò. Ọta kì í rin tààrà. Láti ìgbà tí ó bá ti fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń fà á, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ń fa òkúta tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ọta Lee-Enfield ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó dé 600 yáàdì, láàárín ìgbà náà yóò ti wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ sí ojú ọ̀nà tí ọ̀pá ìbọn kọjú sí. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ihò ìwòran ẹ̀yìn ìbọn náà kí a lè gbé e sókè sódò ní ìwọ̀n ibi tí à ń yìn. Atẹ́gùn sì tún wà. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú eré máìlì 10 ní wákàtí kan, èyí tí kò lè ju kí ó máa mi aṣọ tí a sá sórí okùn lọ, lè gbé ọta náà yà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní 600 yáàdì. Àyà ènìyàn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé bí o bá fojú sun ọkùnrin kan láìka atẹ́gùn sí, ẹni tí ó dúró tì í ni o óò yìn.

Nítorí èyí ni atamátàsé fi ń pẹ́ kí ó tó yìn. Ó ń wo ewé, ó ń wo èéfín, ó ń wo bí ooru ti ń jó lókè ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí i lójú ọ̀dà ní ọ̀sán gangan ní Western Avenue, tí à ń pè ní Funsho Williams Avenue báyìí. Bí ooru náà bá ń jó lọ sókè, atẹ́gùn kò sí. Bí ó bá ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń lọ. Ẹ̀kọ́ ọdẹ ni gbogbo èyí. Ọdẹ ilẹ̀ wa tí ó ń fọ́n iyẹ̀pẹ̀ sókè kí ó tó súnmọ́ ẹran mọ̀ nípa atẹ́gùn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀.

Nígbà ogun Hítílà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa yan àwọn ráífù No. 4 tí ó bá ń bá dáadáa jù nínú èyí tí wọ́n ṣe, wọn a kó wọn lọ sọ́dọ̀ Holland & Holland ní London. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi awò tí ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí i, tí wọ́n sì ń kan igi pẹlẹbẹ mọ́ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ní láti kó ọta méje sínú àyíká íǹṣì 5 ní 200 yáàdì. Àwo ọbẹ̀ kékeré kò kéré sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n awò nìkan kọ́ o. Simo Häyhä, àgbẹ̀ àti ọdẹ ará Finland, kò lo awò rárá nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbógun ti ìlú rẹ̀ láti 1939 sí 1940. Ojú lásán ni ó fi ń yin ráífù onídàábùú tirẹ̀, wọ́n sì ka ju 500 ènìyàn sí i lọ́rùn. Yìnyín ni ó máa ń fi sẹ́nu kí èémí rẹ̀ má bàa yọ bí èéfín nínú òtútù. Ní March 1940, ọta bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ba ojú rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ ó wà láàyè títí di 2002. N kò yin ẹnikẹ́ni fún pípa ènìyàn. Mo ń sọ ohun tí sùúrù lè ṣe fún rere tàbí fún búburú.

Ibi tí a ti ń kọ́ ọ ni pápá ìyìnbọn, tí àwọn sọ́jà ń pè ní réńjì. Bàbá Sájẹ́ńtì fẹ́ràn láti máa sọ nípa réńjì ju ogun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn kan a wà nínú kòtò lábẹ́ àwọn pátákó tí à ń yìn. Bí o bá yìn tán, wọn a fi ọ̀pá gígùn tí ó ní àwo lórí tọ́ka sí ibi tí ọta rẹ bà gan-an, wọn a fi bébà lẹ ihò náà pa, akọ̀wé a sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú orúkọ rẹ. Bí ó bá tàsé pátákó pátápátá, wọn a na àsíá pupa sókè, wọn a sì máa fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó ní àsíá pupa náà dun òun ju pàṣán lọ. Kò sí ọta tí ó sọnù ní réńjì. Kò sí èyí tí kò ní olówó.

Irú èré bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ní Bisley, ní ìpínlẹ̀ Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń pàdé lọ́dọọdún láti 1890 láti figagbága lórí rẹ̀, láti 300 yáàdì títí dé 1,000. Kí wọ́n tó kó lọ síbẹ̀, Wimbledon ni wọ́n ti ń ṣe é, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ni ó sì yin ọta àkọ́kọ́ ní 1860.

Mo bọ́ sórí ìbéèrè kejì. Àwọn ènìyàn wa ti mọ iyì ráífù kí Bọ́má tó dé. Nígbà ogun Kírìjì, tí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ wáyé ní 1886, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń ṣòwò ní Èkó dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn tuntun tí a ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ ki ọta sí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọ́n gbójo, wá bá ara wọn níwájú ìbọn tí ń bá ènìyàn láti ibi tí ṣakabùlà tiwọn kò lè dé. Nígbà tí ó yá, àwọn náà wá irú rẹ̀ rà.

Ti Bọ́má ni ó pọ̀ jù. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó kọjá òkun lọ bá àwọn ará Japan jà níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ ogun méjì ni wọ́n dá sílẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81 àti èyí tí ó jẹ́ 82. Àmì aláǹtakùn ni ti 81. Ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá, nítorí pé orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun nínú igbó tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Lee-Enfield ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ọta 10 nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n yìn dáadáa lè fojú sun àmì kí ó yìn ín tó ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àwọn ará Japan náà ní atamátàsé tiwọn, àwọn mìíràn a sì so ara wọn mọ́ orí igi. Ìbọn wọn gùn, ọta rẹ̀ kéré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń yọ iná tàbí èéfín lẹ́nu, nítorí náà ó ṣòro láti mọ ibi tí ó ti wá. Bàbá Sájẹ́ńtì ní ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òun ni ó so ońdè àti ayẹta mọ́ra láti ilé wá. Mo bi í bóyá òun náà ní ayẹta. Ó ní, "Mo ní in. Kòtò tí mo gbẹ́ ni." Ó wò mí, ó tún ní, "Àti ọmọ Abẹ́òkúta kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kì í yìn títí yóò fi rí ohun tí ó ń yìn."

Ẹ gbọ́ ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí lára, kì í ṣe atamátàsé. Ní oṣù March 1944, ní etí odò Kaladan, àwọn ará Japan tí ó lúgọ sínú igbó da ọta bo wọ́n. Egungun itan rẹ̀ fọ́, ọta sì tún bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fi nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án pamọ́ sínú igbó ilẹ̀ àjèjì. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, tí ó sì gbà wọ́n sílé níkẹyìn, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, ikú ni. Oṣù December 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé gbà wọ́n. Fadoyebo padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń tiro títí ó fi kú ní 2012. Ẹni tí ó yìn ín, kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò sì rí onítọ̀hún.

Ní oṣù January 1945, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ ìlú Myohaung. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá níwájú báráàkì tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Yábàá, ìlú Bọ́má ni o. Arakan tí wọ́n fi sọ báráàkì Àpápá náà, ilẹ̀ Bọ́má ni. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Yábàá ìtumọ̀ orúkọ náà, wọ́n ní orúkọ Ṣáínà ni.

Nísinsìnyí, ìbọn tí ń rọ̀ bí òjò. AK tí gbogbo ayé mọ̀, 30 ọta ni ó wà nínú àpò rẹ̀. Bí a bá yí i sí ibi tí ń rọ̀ yẹn, tí ìka sì tẹ apátí láìgbé e, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni ó fi ń tán. Ọta kìíní lè lọ sí ibi tí a fojú sùn. Láti ìkẹta lọ, ẹnu ìbọn ti ń gòkè, ẹni tí ó dì í mú kò lè sọ ibi tí ìyókù lọ. Kò burú nínú igbó tí ọ̀tá nìkan wà. Ní Mushin ńkọ́, níbi tí yàrá mẹ́wàá dojú kọ ara wọn, tí ìyá alákàrà, ọmọ ilé-ìwé àti oníkẹ̀kẹ́ jọ wà lójú títì kan? Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Ṣùgbọ́n ní Èkó, wọn kì í tilẹ̀ dojú rẹ̀ kọ ọ́ kí ó tó bà ọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù October 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí à ń pè ní SARS, ìbọn dún ní Surulere. Awakọ̀ kan tí kò sí lára àwọn tí ń fẹ̀hónú hàn kú níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan náà bá ọjọ́ náà lọ. Ìdílé méjì ni ó ṣọ̀fọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, n kò sì rí ẹni tí ó jèrè nínú rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń yìn sókè fún ayẹyẹ kò sàn jù. Ohun tí ó lọ sókè gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Julian Hatcher kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà tí wọ́n dán an wò, ọta ráífù tí a yìn sókè gangan ń padà wálẹ̀ pẹ̀lú eré tí ó tó 300 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbárí ọmọdé kò lè gba ìyẹn dúró. Ní ilé tí mo gbé ní Mushin fún ọdún mẹ́rìnlá, òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun kan wà tí a ti ìsìn àìsùn dé, tí a bá ihò lára páánù, tí a sì bá ọta lórí ibùsùn ọmọ mi obìnrin. Ọmọ náà wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sùn lọ. Ta ni ó yìn ín? Kò sí akọ̀wé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó na àsíá pupa. Onítọ̀hún ti padà sílé rẹ̀, ó ti jẹ ìrẹsì ọdún.

Tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ìjọba bá fún ní ìbọn láàárín ìlú máa lọ sí réńjì lọ́dọọdún, kí ó yìn ín níwájú ẹlẹ́rìí, kí a gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kùnà. Kí a máa ka ọta tí ó gbé jáde lówùúrọ̀ àti èyí tí ó gbé padà lálẹ́, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síwájú èyí tí kò padà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó péjọ sí Havana lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1990 ti fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn agbófinró má ṣe yìnbọn sí ènìyàn àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ìwé náà dára. Kọ́bọ̀ orí ọ̀pá ìbọn ni ó kù.

Ní ti ìbéèrè kẹta, àbúrò mi, òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ológun sí èèwọ̀ fún ará ìlú. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ ní kọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ṣakabùlà pàápàá, ìwé àṣẹ ni a fi ń ní in. Bí iṣẹ́ ológun bá wù ọ́, dúró de ìgbà tí wọ́n bá pe ènìyàn, kí o lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ, kí o má sì fún ẹnikẹ́ni ní owó pé yóò bá ọ wọlé. Bí o bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan, lọ wòran ní Bisley. Kí ìgbà náà tó dé, o lè ní kí ẹnìkan gbé náírà onírin kan lé igi ìgbálẹ̀ fún ọ, bí ẹ bá ṣì rí náírà onírin ní Mushin.

Ìyá tí ó kọ̀wé láti Tejúoṣó nípa olórí àjọ tí kò tíì san owó, mo ti rí lẹ́tà yín, mà. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni tiyín.